Àgádágodo Tí Màmá Ní Kí Wọ́n Má Pààrọ̀

Obìnrin tó ni ìtàn yìí kò sunkún nígbà tó ń sọ ọ́ fún mi. Ó jókòó sórí àga tó dojú kọ tábìlì mi, ó gbé báàgì rẹ̀ lé itan, ó sì ní kí n kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn wa bó ṣe rí, kí n má bá òun tún un ṣe. Mo bi í bóyá kí n kọ ọ́ bíi pé òun gan-an ló ń sọ̀rọ̀. Ó ní rárá. Ó ní nígbà tó yẹ kí òun la ẹnu òun sọ̀rọ̀, òun ò sọ ọ́, kí n kúkú bá òun sọ ọ́.

Ẹnu mi lẹ ti máa gbọ́ ọ nìyẹn, ẹ̀yin òǹkàwé mi. Àmọ́ kẹ́ ẹ má rò pé mo fẹ́ gbè é lẹ́yìn. Ó níbi tí ọ̀rọ̀ náà dé tí mo gbé bírò mi sílẹ̀, tí mo kàn ń wo ojú rẹ̀.

Níbi iṣẹ́, Aṣílẹ̀kùn ni wọ́n ń pè é. Orúkọ àwàdà ni, ṣùgbọ́n ó ti mọ́ ọn lára. Ọ́fíìsì ìjọba ìlú ló ti ń ṣiṣẹ́, nínú yàrá kan tí wọ́n kọ "Ilé Òfìfo" sí lẹ́nu ọ̀nà. Iṣẹ́ wọn ni láti wá àwọn ilé tó ti wà ní títì fún ọdún gbọọrọ kàn, kí wọ́n wá onílé rí, kí wọ́n sì ràn án lọ́wọ́ tí èèyàn á fi tún lè máa gbé inú rẹ̀. Ẹlòmíràn jogún ilé, kò mọ ohun tó máa fi ṣe. Ẹlòmíràn, òrùlé ló ń jò tí agbára rẹ̀ ò ká a. Aṣílẹ̀kùn á bá wọn wá káfíńtà, á bá wọn kọ fọ́ọ̀mù, á tún bá wọn wá ayálégbé tó ṣeé fọkàn tán.

Ó mọ iṣẹ́ náà dójú àmì. Ó lè dúró sẹ́nu géètì kó wo koríko, kó wo àpótí lẹ́tà, kó sì sọ fún ọ iye ọdún tí wọ́n ti se ọbẹ̀ kẹ́yìn nínú ilé náà. Bó bá sì ti rí onílé, kì í fi í lọ́rùn sílẹ̀ mọ́.

Ilé Màmá ló dà á láàmú. Ilé kékeré ni, yàrá méjì àti pálọ̀. Koríko ti ga dé orókùn, fèrèsé kan ti já sílẹ̀, ọ̀dà ara ògiri ti ń ṣí. Gbogbo àmì ilé tí wọ́n ti pa tì ló wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Aṣílẹ̀kùn bẹ̀rẹ̀ wo ilẹ̀kùn iwájú, ọwọ́ ilẹ̀kùn náà ń dán, òróró sì wà lẹ́nu ihò kọ́kọ́rọ́, tútù báyìí. Ó fi ìka kàn án, ó gbóòórùn rẹ̀.

Télọ̀ tó ní ṣọ́ọ̀bù lódìkejì títì ló là á yé e. Ó ní ìyá àgbàlagbà kan ló máa ń wọ bọ́ọ̀sì wá ní ìparí oṣù. Ọ̀dọ̀ òun ni ìyá náà ti máa ń gba òróró ẹ̀rọ ìránṣọ sínú ìgò kékeré kan. Á fi sí ihò kọ́kọ́rọ́, á ṣí ilẹ̀kùn, á tì í, á sì máa lọ. Kì í tilẹ̀ jókòó. Télọ̀ ní òun ti bi wọ́n léèrè rí pé ṣé ilé ni wọ́n wá wò àbí ilẹ̀kùn, ìyá náà kàn rẹ́rìn-ín ni.

Aṣílẹ̀kùn wá ìyá yìí dé ilé àbúrò wọn tí wọ́n ń gbé, ní ìpẹ̀kun ìlú kejì. Màmá ló ń pè wọ́n láti ọjọ́ náà lọ, ọmọ mi ni àwọn náà sì ń pè é. Ìgbà àkọ́kọ́ tó débẹ̀, wọ́n ní ilé àwọn kì í ṣe ti rírẹ́ǹtì. Ìgbà kejì, wọ́n fún un ní tíì, wọ́n ní ohun kan náà. Ní ìgbà kẹta ni wọ́n tó sọ ìdí rẹ̀.

Ọmọkùnrin kan ṣoṣo ni Màmá bí. Ó bá bàbá rẹ̀ jà, ìjà ẹnu tó di ìjà àìfojúkojú. Bàbá náà sì búra lójú gbogbo ilé pé bó bá fẹsẹ̀ kan ìta lọ́jọ́ náà, òun máa pààrọ̀ àgádágodo ilẹ̀kùn, kò sì ní wọ ibẹ̀ mọ́ láyé. Ọmọ náà gbé báàgì rẹ̀.

"Mo sá tẹ̀ lé e dé ìdí ọkọ̀," Màmá sọ fún un. "N ò wọ bàtà. Mo ní, mú kọ́kọ́rọ́ ẹ dání. Kò sẹ́ni tó máa pààrọ̀ nǹkan kan. Ọjọ́kọ́jọ́ tó o bá dé, bí a wà nílé, bí a ò sí nílé, kọ́kọ́rọ́ ẹ máa ṣí i."

Ọdún mọ́kànlá ti kọjá lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Bàbá náà kú ní ọdún kẹrin, kò sì pààrọ̀ àgádágodo kankan. Ẹnu lásán ni. Orókùn Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n, wọn ò lè dá gbé mọ́, ni wọ́n bá kó lọ sọ́dọ̀ àbúrò wọn. Ilé wà ní títì láti ìgbà náà, òróró nìkan ni wọ́n ń gbé wá.

Oṣù méje gbáko ni Aṣílẹ̀kùn fi ń lọ, tó fi ń bọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí wọn mú, nítorí pé ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ti dùn mí jù. Ó jókòó ti Màmá, ó ní, "Màmá, bí ọmọ yín bá dé lónìí, tó ṣílẹ̀kùn, kí ló máa bá níbẹ̀? Eruku. Ta ló máa sọ fún un pé ibí lẹ wà? Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá ń gbé ibẹ̀, ẹni yẹn á sọ fún un."

Màmá ní òótọ́ ni, àwọn ò rò ó débẹ̀ rí.

Wọ́n gbà. Wọ́n ní kí wọ́n tún òrùlé ṣe, kí wọ́n kun ògiri, kí wọ́n tilẹ̀ kó àga àtijọ́ dànù. Ilẹ̀kùn iwájú nìkan ni kí wọ́n fi sílẹ̀ fún àwọn. Bí ọkùnrin kan bá sì fi kọ́kọ́rọ́ ara rẹ̀ wọlé lọ́jọ́ kan, kí ayálégbé má bẹ̀rù, kó fún un lómi mu, kó sì pe àwọn. Kọ́kọ́rọ́ méjì péré ló wà láyé tó ń ṣí ilẹ̀kùn náà. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ ọmọ, Màmá sì bọ́ èkejì kúrò lára okùn tó wà lọ́rùn wọn, wọ́n fi lé Aṣílẹ̀kùn lọ́wọ́ fún ẹni tó máa gbébẹ̀.

"A ò ní fọwọ́ kàn án, Màmá," ni Aṣílẹ̀kùn wí.

Ó búra fún mi pé òtítọ́ inú lòun fi sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn. Mo sì gbà á gbọ́.

Òfin ọ́fíìsì ló da gbogbo rẹ̀ rú. Wọn kì í lu òǹtẹ̀ mọ́ ìwé ilé kankan láìjẹ́ pé oníkọ́kọ́rọ́ ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ti pààrọ̀ gbogbo àgádágodo rẹ̀. Òfin náà ní làákàyè nínú, nítorí pé ilé tó ti pẹ́ ní títì, ta ló mọ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀? Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n yọ ilé kan sílẹ̀ nínú òfin náà máa kọ ojú ìwé kan péré sí ọ̀gá, ìgbìmọ̀ á sì jókòó lé e ní oṣù tó ń bọ̀.

Ọdún sì ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kó parí. Ogójì ilé ni wọ́n dá fún Aṣílẹ̀kùn lọ́dún náà, ọ̀kàndínlógójì ló ti ṣí. Gbogbo yàrá náà ló mọ̀ pé bó bá pé ogójì, òun ni wọ́n máa fi ṣe olórí wọn. Ayálégbé tó fẹ́ fi síbẹ̀, tíṣà kan tó ní ọmọbìnrin kékeré, ń sùn sílẹ̀ ní pálọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì ń pè é lójoojúmọ́ láti béèrè pé ibo ló kù.

Aṣílẹ̀kùn bẹ̀rẹ̀ ìwé tó máa kọ sí ọ̀gá. Ó kọ ìlà méjì. Ó wá gbé bírò sílẹ̀, ó ro ọdún mọ́kànlá. Ó ní ọkùnrin tí kò wá sin bàbá rẹ̀, tí kò fi lẹ́tà kan ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀, ṣé àgádágodo ló ń dá a dúró? Ó ká ìwé náà sí méjì, ó tì í bọ inú dúrọ́ọ̀.

Oníkọ́kọ́rọ́ dé ilé Màmá lọ́jọ́ kejì. Bó ṣe tú àgádágodo náà, ó yẹ̀ ẹ́ wò lọ́wọ́, ó ní ta ló ń tọ́jú nǹkan yìí báyìí, pé ó dára ju tuntun tí òun gbé wá lọ, kí ló dé tí wọ́n fẹ́ yọ ọ́. Aṣílẹ̀kùn ní òfin ni. Ó wá ní kó yọ irin inú rẹ̀ tí kọ́kọ́rọ́ ń wọ̀ nìkan, kó fi tuntun sí i, kó sì dá ọwọ́ ilẹ̀kùn àtijọ́ padà síta bó ṣe wà.

Ìyẹn kì í ṣe òfin. Òun ló fi kún un fúnra rẹ̀, kí Màmá má bàa mọ̀.

Màmá wá wo ilé nígbà tí wọ́n kùn ún tán. Wọn ò tilẹ̀ wo ògiri. Ilẹ̀kùn ni wọ́n lọ bá, wọ́n fi ọwọ́ pa á, wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orókùn tó ń dùn wọ́n, wọ́n kán òróró sí ihò kọ́kọ́rọ́. Wọ́n wá wojú rẹ̀. "Ẹ ò fọwọ́ kàn án?"

"A ò fọwọ́ kàn án, Màmá."

"O ṣeun, ọmọ mi. Inú ẹ á dùn."

Ó ní òun ò dúró ronú lé e, torí pé ọwọ́ òun dí. Ní ọ́fíìsì, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Wọ́n gún pínnì aláwọ̀ ewé mọ́ ara àwòrán ìlú tó wà lára ògiri, níbi tí ilé Màmá wà, ó sì di ogójì.

Irọ́ kan ò dá dúró lásán. Kò lè sọ ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin náà fún Tíṣà, nítorí pé Tíṣà á béèrè pé báwo ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ṣe máa ṣí àgádágodo tí wọ́n ti pààrọ̀. Ló bá kúkú gbé gbogbo rẹ̀ mì. Tíṣà kó wọlé láìmọ nǹkan kan. Ó rò pé Màmá jẹ́ onílé tó kàn fẹ́ràn ilẹ̀kùn rẹ̀ ni, ó sì máa ń bá wọn di ìgò òróró mú.

Oṣù márùn-ún kọjá. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ọ̀gá pátápátá wá jókòó níwájú tábìlì Aṣílẹ̀kùn, ó ń yẹ fáìlì wò, ni fóònù bá dún. Tíṣà ni. Ó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Àǹtí, ọkùnrin kan wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ń ti kọ́kọ́rọ́ bọ ilẹ̀kùn. Ó ti tó ìgbà mẹ́fà."

Aṣílẹ̀kùn béèrè bí ọkùnrin náà ṣe rí, bíi pé òun ò mọ̀.

"Ó ga. Ó gbé báàgì kọ́ èjìká. Kò jọ olè, Àǹtí. Ó kan ilẹ̀kùn, ó ń béèrè àwọn tó nilé. Kí n ṣí i?"

Ọ̀gá gbójú sókè kúrò lórí fáìlì, ó ń wò ó. Aṣílẹ̀kùn ní òun mọ ohun tó yẹ kí òun sọ. Ọ̀rọ̀ méjì ni: Ṣí i. Ṣùgbọ́n bó bá ti lè wọlé, Màmá máa dé, Màmá máa gbé kọ́kọ́rọ́ ọmọ wọn wò, gbogbo rẹ̀ á sì tú síta, ọ̀gá nìyí níwájú òun. Ó fẹ́ ráyè ronú díẹ̀, ìyẹn nìkan ló fẹ́.

Ó ní, "Sọ fún un pé ó ṣìlé. Sọ pé wọn ò gbébẹ̀ mọ́. Má ṣílẹ̀kùn."

Ibí ni mo ti gbé bírò mi sílẹ̀.

Ó gbé fóònù kalẹ̀, ó dá ọ̀gá lóhùn ìbéèrè kan nípa òrùlé. Ó wo aago ara ògiri. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ló fi jókòó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó mú báàgì rẹ̀, kò dágbére fún ẹnikẹ́ni, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré.

Nígbà tó fi máa débẹ̀, ọkùnrin náà ti lọ. Tíṣà dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó di ọmọ rẹ̀ mú. Ó ní òun sọ bí Àǹtí ṣe ní kí òun sọ ọ́, láti ojú fèrèsé. Ọkùnrin náà gbọ́ ọ tán, ó wo ilẹ̀kùn títí, ó wá rẹ́rìn-ín kan báyìí tí kò jọ ẹ̀rín. Ó ní, "Ó sì padà pààrọ̀ ẹ̀ lóòótọ́." Ó ní kí Tíṣà má bínú pé òun dẹ́rù bà á. Ó gbé kọ́kọ́rọ́ náà sójú fèrèsé, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

"Ta ni, Àǹtí?" ni Tíṣà béèrè.

Aṣílẹ̀kùn mú kọ́kọ́rọ́ náà, ó ṣì gbóná lọ́wọ́ oòrùn. Ó sáré dé ibùdókọ̀, ó wo ojú gbogbo ọkùnrin gíga tó wà níbẹ̀, wọ́n sì ń wò ó bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Kò rí i. Ó padà sílé, ó fi kọ́kọ́rọ́ sínú báàgì, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní bí òun bá fi ọjọ́ díẹ̀ wá a, òun á rí i, òun á mú un lọ bá Màmá, inú dídùn wọn á sì bo gbogbo ẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ọjọ́ méjì ni Ọlọ́run fún un. Ìparí oṣù bọ́ sí Ọjọ́bọ̀.

Fóònù dún láàárọ̀. Ohùn Màmá ni, ṣùgbọ́n kò gbọ́ ọ rí báyẹn. Ohùn náà fúyẹ́ bíi ti ọmọdébìnrin. "Ọmọ mi, ó ti dé! Télọ̀ rí i tó mú kọ́kọ́rọ́ dání! Ó ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Ó ń wọn aṣọ mọ́ oníbàárà lára ló rí i lẹ́nu ọ̀nà wa, kó tó jáde, ó ti yà sí kọ̀rọ̀. Ibo lẹ mú un lọ? Ṣé Tíṣà fún un lómi?"

Ó ní òun ń bọ̀.

Nígbà tó dé, Màmá dúró níwájú ilẹ̀kùn, ìgò òróró lọ́wọ́. Ojú wọn ò rí bíi tìgbà tí wọ́n pè é mọ́. Wọ́n ti ń ronú. Wọ́n ní bó bá dé, tó ní kọ́kọ́rọ́, kí ló dé tí kò wọlé?

Aṣílẹ̀kùn ṣí báàgì rẹ̀. Ó mú kọ́kọ́rọ́ náà jáde, ó ní ọmọ wọn ló fi í sílẹ̀ lójú fèrèsé. Màmá gbà á, wọ́n yí i sí ọ̀tún, wọ́n yí i sí òsì, wọ́n mọ̀ ọ́n. Wọ́n tì í bọ ihò. Kò wọ̀.

Wọ́n fà á yọ, wọ́n kán òróró sí i, wọ́n tún tì í. Kò wọ̀. Wọ́n kán òróró sí i títí tó fi ń ṣàn sílẹ̀ lára ilẹ̀kùn.

"Èmi ni," ni Màmá wí. "Orókùn mi ni. N ò wá lóṣù tó kọjá, mo ní mo máa wá, n ò wá. Ó ti dípẹtà. Èmi ni mo lé ọmọ mi."

Òǹkàwé mi, ẹ bá mi gbọ́ èyí dáadáa. Aṣílẹ̀kùn jẹ́wọ́ fún mi pé fún ìwọ̀n ìgbà tí èèyàn fi ń mí lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, ọkàn òun balẹ̀. Ó rò ó pé bí Màmá bá gbà pé òróró ni, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Ó dúró síbẹ̀, ó ń wo ìyá arúgbó tó ń gba ẹ̀bi rẹ̀, kò sì sọ̀rọ̀.

Tíṣà ló ṣílẹ̀kùn láti inú. Ó kí Màmá, ó rí kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ wọn, ó ní, "Màmá, ìyẹn kọ́ ló ń ṣí i. Wọ́n ti pààrọ̀ ẹ̀ kí n tó kó dé. Àbí Àǹtí ò sọ fún yín ni?"

Màmá dé ìgò òróró wọn. Wọn ò pariwo. Aṣílẹ̀kùn ní ì bá dáa kí wọ́n pariwo.

"Bàbá ẹ̀ bínú sí i títí ó fi kú, kò pààrọ̀ ẹ̀," Màmá wí. "Ìwọ, kí ni ọmọ mi fi ṣẹ̀ ẹ́?"

Aṣílẹ̀kùn ní títí dòní, òun ṣì ń wá èsì ìbéèrè náà.

Gbogbo ohun tí èèyàn lè ṣe, ó ṣe é. Ó lọ sí gbogbo ibùdókọ̀ ìlú náà. Obìnrin kan tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì rántí ọkùnrin gíga kan tó gbé báàgì kọ́ èjìká, kò rántí ọkọ̀ tó wọ̀. Ó lọ sí àwọn ilé àlejò, ó lọ sí ilé ìwòsàn, ó gbé e sórí rédíò lẹ́ẹ̀mẹta. Ó wá àwọn tó bá a ṣọ̀rẹ́ nígbà èwe, ọ̀kan ní òun rò pé ó ti rékọjá òkun, ọ̀kan ní òun rò pé ó ti kú. Ọ̀nà dí níbi gbogbo tó yà sí.

Ó kọ gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ sínú lẹ́tà, ó gbé e fún ọ̀gá. Ọ̀gá kà á tán, ó ní kò rí ẹ̀sùn kankan níbẹ̀. Ó ní òfin ni kí wọ́n pààrọ̀ àgádágodo, ó sì pààrọ̀ rẹ̀. Òfin ni kí ayálégbé má ṣílẹ̀kùn fún àlejò, kò sì ṣí i. Ó dá lẹ́tà náà padà fún un, ó ní kó lọ fi ọjọ́ mẹ́ta sinmi. Aṣílẹ̀kùn ní òun jókòó sínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọ́fíìsì, òun ń gbàdúrà pé kí ẹnì kan ṣáà jẹ òun níyà.

Ohun kan ṣoṣo ni Màmá béèrè lọ́wọ́ rẹ̀: kó dá àgádágodo àwọn padà. Ó lọ bá oníkọ́kọ́rọ́, ó rò pé wọ́n ti tà á mọ́ irin àlòkù. Oníkọ́kọ́rọ́ nawọ́ sí bákẹ́ẹ̀tì kan ní kọ̀rọ̀, ó kún fún irin àtijọ́ dé ẹnu, ó sì ní kó jókòó, pé ìyẹn máa gba ọjọ́ kan. Kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún. Gbogbo èyí tó wà níbẹ̀ ló ti dípẹtà, ẹyọ kan ṣoṣo ló ń yọ̀ lọ́wọ́ nítorí òróró. Wọ́n ti kọ́kọ́rọ́ Màmá tó ṣì wà lọ́wọ́ Aṣílẹ̀kùn bọ̀ ọ́, ó sì yí láìsí ariwo.

Wọ́n dá a padà sára ilẹ̀kùn lójú Màmá. Màmá gbé kọ́kọ́rọ́ ọmọ wọn sí i, ó ṣí i. Wọ́n gbé tiwọn náà tí Aṣílẹ̀kùn dá padà fún wọn sí i, ó ṣí i. Wọ́n dúró síbẹ̀ pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ méjèèjì lọ́wọ́, ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ yé gbogbo wọn. Ilẹ̀kùn ti padà bó ṣe wà. Ọmọ ni kò ní kọ́kọ́rọ́ mọ́.

Tíṣà ò lè gbébẹ̀ mọ́. Ó ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá kanlẹ̀kùn ni òun ń gbọ́ ohùn ọkùnrin náà, ó sì ní kò sẹ́ni tó sọ fún òun, bí wọ́n bá ti sọ ọ́ fún òun ni, òun ì bá ṣí i. Aṣílẹ̀kùn bá a wá ilé mìíràn. Màmá kó padà sílé wọn, pẹ̀lú orókùn náà. Wọn kì í ti ilẹ̀kùn iwájú mọ́, tọ̀sán-tòru. Àbúrò wọn bẹ̀ wọ́n títí, ó sú u. Kọ́kọ́rọ́ méjèèjì wà lórí ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà. Ní ọ́fíìsì, pínnì aláwọ̀ ewé náà ṣì wà lára àwòrán, nítorí pé èèyàn ń gbé ilé náà lóòótọ́.

Aṣílẹ̀kùn máa ń lọ síbẹ̀ ní gbogbo Sátidé. Màmá kì í lé e, wọn kì í sì í pè é lọ́mọ mi mọ́. Ó ń bá wọn gé koríko, ó ń bá wọn pọn omi, ó sì ń padà lọ.

Mo bi í pé ẹ̀kọ́ wo ló fẹ́ kí àwọn òǹkàwé mi rí kọ́. Ó ní òun ò wá kọ́ ẹnikẹ́ni lẹ́kọ̀ọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́ta wà lọ́wọ́ òun, fóònù wà lórí tábìlì, òun ń wo aago. Ó ní ọkùnrin náà lè jẹ́ ẹni tó ń ka ìwé ìròyìn, ìdí tí òun fi wá nìyẹn.

Nítorí náà, ìwọ ọkùnrin gíga tó gbé báàgì kọ́ èjìká, tó gbé kọ́kọ́rọ́ sójú fèrèsé ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun: bàbá rẹ ò pààrọ̀ rẹ̀. Ìyá rẹ ò pààrọ̀ rẹ̀. Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ lo dé, o ò ṣìlé. Bí o bá ń kà á, kò nílò kọ́kọ́rọ́ mọ́, ṣáà ti ilẹ̀kùn náà wọlé.

A ò sì mọ̀ bóyá ó ń kà á.

Nígbà tó dìde láti máa lọ, mo rí ìgò kékeré kan nínú báàgì rẹ̀. Ó ní ti Màmá ni, òun fẹ́ lọ bá wọn gba òróró kún un lọ́wọ́ télọ̀, torí pé oṣù ti parí. Mo bi í pé kí ni wọ́n tún ń fi òróró ṣe, nígbà tí ilẹ̀kùn ò sí ní títì, tí kọ́kọ́rọ́ méjèèjì sì wà nínú ilé.

Ó ní òun náà bi Màmá bẹ́ẹ̀. Màmá dáhùn pé, "Kí lo wá fẹ́ kí n máa ṣe?"